Èsì: Sildenafil tàbí tadalafil?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní sildenafil (Viagra), oògùn tó ń mú kí nǹkan ọmọkùnrin le, ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n aago tí ẹ ń ṣọ́ ti sú ẹ̀yin àti ìyàwó yín. Tadalafil (Cialis), oògùn irú rẹ̀ kan náà, ni kí ẹ bi dókítà léèrè. Àfi tí ẹ bá ń lo oògùn àyà tó ní nitrate, bí irú èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ ahọ́n: ìyẹn, ẹ má fọwọ́ kan ìkankan nínú méjèèjì. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ débi ikú.

Nǹkan bíi wákàtí kan ṣáájú ni wọ́n ń lo sildenafil, agbára rẹ̀ ò sì ju wákàtí mélòó kan lọ. Ti tadalafil lè tó wákàtí 36. Ẹni tó lò ó ní alẹ́ Jímọ̀, ó lè ṣì wà lára rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ti lo méjèèjì fi ń yàn án.

Ti àmàlà tí ẹ jẹ ní Tákíe, tí ẹ ní ó ba iṣẹ́ oògùn jẹ́ yẹn, àmàlà kọ́ o, ọ̀rá ẹran orí rẹ̀ ni. Oúnjẹ ọlọ́ràá máa ń fa sildenafil sẹ́yìn. Kì í dí tadalafil lọ́wọ́.

Àwọn kan ṣì fẹ́ sildenafil, torí bí orí bá ń fọ́ wọn, ó tètè ń lọ. Tadalafil a sì máa mú ẹ̀yìn ro àwọn míì.

Paraga tí wọ́n ní kí ẹ fi lé e ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, rárá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ wọn ìfúnpá yín ní ilé ìwòsàn LAUTECH tàbí Bowen ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí ẹ sì dárúkọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò, pàápàá ti ìtọ̀ tí kì í dà dáadáa.