Ta ló ń ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ ní Kánádà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi ní Kánádà fẹ́ lọ fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ṣé ìjọba àpapọ̀ ló ń bójú tó o ni àbí ìpínlẹ̀?

Ìdáhùn: Àwọn méjèèjì ni o. Health Canada ti ìjọba àpapọ̀ ló ń mójú tó òfin ààbò, òun náà ló ń lọ yẹ ibi tí wọ́n ti ń gbẹ̀jẹ̀ wò, àmọ́ àwọn ìpínlẹ̀ ló ń sanwó fún Canadian Blood Services, àjọ tó ń gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn, Quebec nìkan ló ní tiẹ̀ lọ́tọ̀, Héma-Québec. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí gan-an torí kí wọ́n tó tò ó báyìí ní 1998, lábẹ́ Red Cross, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló gbẹ̀jẹ̀ tó ní HIV àti hepatitis C (àrùn ẹ̀dọ̀), àwọn tó kàn wá ìwòsàn lọ! Adájọ́ Krever ló tú gbogbo ẹ̀ wò, ìròyìn ẹ̀ jáde ní 1997.