Ẹ má kan àpótí ẹyẹ mọ́ igi

Arábìnrin wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Maryland, ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní ẹ fẹ́ bá ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ẹyẹ ní àdúgbò yín ṣiṣẹ́ ní ìgbà ìrúwé yìí, ṣùgbọ́n ẹ ò mọ orúkọ ẹyẹ kankan. Ẹ tún béèrè bóyá ẹ kúkú lè ra àpótí kan tí ẹyẹ máa ń yé sí, kí ẹ kàn án mọ́ igi ẹ̀yìnkùlé. Ti orúkọ kò le, ẹ ó mọ̀ ọ́n lẹ́nu iṣẹ́. Ti àpótí yẹn ni kí ẹ fetí sí.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí bluebird, ṣe ni mo dúró sójú kan. Agbe ló laró, àlùkò ló losùn, lékeléke ló lẹfun, bí a ṣe ń kà á nílé nìyẹn. Ẹyẹ kan ṣoṣo yìí kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ̀: aró lẹ́yìn, osùn láyà, ẹfun nísàlẹ̀ ikùn. Kíá ni mo ra àpótí, mo kàn án mọ́ igi ńlá kan. Takọtabo wọ ibẹ̀, abo yé ẹyin márùn-ún tó rí bí ojú ọ̀run, márààrún ló di ọmọ. Mo rò pé iṣẹ́ ti parí, n ò débẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́jọ. Ìgbà tí mo ṣí i, ìtẹ́ wà bó ṣe wà, koríko kan ò yẹ̀, ọmọ kan ò sì sí níbẹ̀. Akọ ṣì gbé kòkòrò sẹ́nu, ó ń yọrí wo ihò, ó ń padà, ó tún ń wá. Mi ò gbàgbé rẹ̀ títí dòní.

Màmá tó ń darí ẹgbẹ́ tí mo wá wọ̀ lẹ́yìn náà ló là á yé mi. Bí ìtẹ́ bá dàrú, raccoon, ẹranko ibí kan tó máa ń gun igi, ló sábà máa ń jẹ́. Bí ó bá ṣófo láìdàrú, ejò ló sábà máa ń jẹ́. Igi ni àtẹ̀gùn àwọn méjèèjì. Orí òpó irin ni àpótí ń gbé, kí ẹ sì fi páìpù páànù tó fẹ̀ wọ òpó náà nísàlẹ̀ àpótí, kí wọ́n má lè gùn ún kọjá. Ihò rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju íńṣì kan ààbọ̀ lọ, kí starling, ẹyẹ kan tó máa ń gba ìtẹ́ mọ́ ẹyẹ mìíràn lọ́wọ́, má ráyè wọlé.

Ihò yẹn gba ológoṣẹ́ tí wọ́n kó wá láti Yúróòpù ní àwọn ọdún 1850, ó sì máa ń ṣá bluebird lórí pa sínú àpótí. Òfin kò dáàbò bo ológoṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n láti 1918 ni òfin ti ń dáàbò bo ẹyin àwọn ẹyẹ ìbílẹ̀ ibí. Bí ẹ bá wá kó ìtẹ́ ẹyẹ ìbílẹ̀ dànù, tí ẹ rò pé ti ológoṣẹ́ ni ńkọ́? Ìdí tí mo fi ní kí ẹ wọ ẹgbẹ́ nìyẹn, kí ẹ má dá a ṣe. Maryland yìí náà sì ni Lawrence Zeleny gbé ṣiṣẹ́ yìí, òun ló dá North American Bluebird Society, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo bluebird, sílẹ̀ ní 1978.

Ní oṣù kẹta, a máa ń kó ìtẹ́ àtijọ́ dànù. Láti oṣù kẹrin, àpótí méjìlá ló wà ní ìkáwọ́ mi. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni mo ń yẹ̀ wọ́n wò: mo á rọra kanlẹ̀kùn àpótí kí ìyá lè fò jáde, mo á ka ẹyin, mo á kọ ọ́ sílẹ̀, mo á fi ránṣẹ́ sí NestWatch, ètò tó ń kó àkọsílẹ̀ ìtẹ́ ẹyẹ jọ. Ẹ má ṣí i nígbà òjò tàbí òtútù. Bí ọmọ bá ti pé ọjọ́ mẹ́tàlá, ẹ ò gbọdọ̀ ṣí i mọ́, wọ́n á bẹ́ jáde kí ìyẹ́ wọn tó gbó. Ohun tí àwọn kan ń sọ pé ìyá á kọ ọmọ tí èèyàn bá fọwọ́ kàn kì í ṣe òótọ́ o.

Bí ẹ bá lè yọ̀ǹda òwúrọ̀ kan lọ́sẹ̀ títí di oṣù kẹjọ, ẹ forúkọ sílẹ̀ fún wọn. Bí kò bá ṣeé ṣe lọ́dún yìí, ẹ má tíì ra àpótí rárá. Ẹ kàn bá wọn yí ká lọ́jọ́ kan, kí ẹ wọ ṣòkòtò gígùn, kí ẹ ki ẹnu rẹ̀ bọ inú ìbọ̀sẹ̀, eégbọn pọ̀ nínú koríko yẹn.