Èsì: Ọkọ̀ ojú omi láti Sorrento lọ sí Capri, pẹ̀lú màmá tí èébì máa ń gbé

Ẹ kú ètò. Ẹ béèrè bóyá owó ọkọ̀ ẹlẹ́ni 12 tí ẹ fẹ́ wọ̀ lọ sí Capri, erékùṣù kan ní Ítálì, kó owó Grotta Azzurra mọ́ra, ìyẹn ihò etí òkun tí omi inú rẹ̀ búlúù. Rárá o, kì í sábà kó o mọ́ra. Lẹ́nu ihò lẹ ó ti san ìyẹn lọ́tọ̀, ẹ ó sì bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà.

Ìyẹn bí òkun bá rọ̀ o. Bó bá ń ru, ẹnikẹ́ni ò ní wọlé. Ẹnu ihò náà ò ga ju nǹkan bíi mítà 1 lọ: ẹ ó dùbúlẹ̀ gbalaja, awakọ̀ á di ṣéènì mú, á fà yín wọlé. Nínú, omi á máa tàn bí ẹni tan iná búlúù sábẹ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Bí orúnkún bá ń dun màmá, kí wọ́n má wulẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

Ní ti èébì:

1. Ẹ gba ti àárọ̀. Afẹ́fẹ́ sábà máa ń le lọ́sàn-án.
2. Kí wọ́n lo oògùn kí ẹ tó wọkọ̀, kì í ṣe ìgbà tí òòyì bá ti ń kọ́ wọn.
3. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni kí wọ́n jókòó sí.

Bí mọ́tò lásán bá ń mú wọn bì, ẹ wọ ọkọ̀ ńlá tó ń kó èrò lọ sí Capri, kì í mì tó ti kékeré.

Èmi jókòó síwájú nítorí fọ́tò. Ká tó dé Faraglioni, àwọn àpáta gogoro inú òkun yẹn, fìlà mi ti rin gbindin.