Ère òkúta, oúnjẹ òòjọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú. Igi gbígbẹ́ ni mo kọ́ níhìn-ín ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, ṣùgbọ́n bàbá mi ní kí n fi í sílẹ̀ torí pé kò mówó wọlé mọ́. Mo gbọ́ pé àwọn Inuit, ní àríwá Kánádà, ń fi ère òkúta jẹun dọjọ́ alẹ́. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Ṣé kí èmi náà kọjú sí òkúta?

ÌDÁHÙN: Ẹ wo Osuitok Ipeelee, tí wọ́n bí ní 1923, tí ó kú ní 2005, tí ó sì ṣiṣẹ́ ní Kinngait tí àwọn òyìnbó sọ ní Cape Dorset. Ọdẹ ni, eyín ẹranko òkun ni ó sì kọ́kọ́ ń gbẹ́. Nígbà tí owó awọ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ funfun, tí wọ́n ń tà fún àwọn oníṣòwò, já wálẹ̀, ìran rẹ̀ ní láti wá ọ̀nà mìíràn jẹun. Ayàwòrán kan, James Houston, dé Inukjuak, ìlú Inuit mìíràn, ní 1948, ère tí ó kó bọ̀ ni wọ́n pàtẹ ní Montreal ní 1949, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi rà wọ́n tán. Iṣẹ́ tí Osuitok fi lórúkọ jù ni ère àgbọ̀nrín ilẹ̀ òtútù tí ó ń dúró lórí ẹsẹ̀ tín-ín-rín. Bí àáké bá ṣìnà lẹ́ẹ̀kan, ẹsẹ̀ ti kán, iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Síbẹ̀, lójú tèmi, ọjà ló gbé wọn dúró ju ọwọ́ líle lọ, bí ọwọ́ náà tilẹ̀ le. Ní 1958 ìjọba Kánádà fún ère wọn ní àmì tí yóò yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ayédèrú; ní 1959 wọ́n dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ ní Kinngait, tí ń ra ère lọ́wọ́ ẹni tó gbẹ́ ẹ, tí ó sì ń fi ránṣẹ́ síbi tí olówó wà. Ẹni tó gbẹ́ ère kò ní láti máa gbé e kiri.

Ẹ̀yin náà kò jìnnà sí irú ìtàn yìí. Ìlẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́ yín, wọ Lọ́ńdọ̀nù fún ìpàtẹ 1924, àga oyè tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ni wọ́n sì fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ ààfin dínkù, Fadá Kevin Carroll dá ibi iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní 1947, ibẹ̀ ni Lamidi Fakeye ti kọ́ṣẹ́ igi gbígbẹ́ lọ́dọ̀ Bandele, ṣọ́ọ̀ṣì sì di oníbàárà. Nítorí náà, kí ẹ tó gba ọ̀rọ̀ bàbá yín, ẹ kọ́kọ́ wá agbẹ́gilére mìíràn tí ẹ óò jọ máa tà lábẹ́ àmì kan ṣoṣo, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àwọn ilé ìtura àti ilé ìjọsìn ohun tí wọ́n ń fẹ́.

Ní ti òkúta, ẹ má fi irú ti Olósùnta, àpáta ńlá Ìkẹ́rẹ́, dánra wò, ó le jù. Òkúta ti Kinngait rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àáké kékeré àti fáìlì fi ń ràn án, sáńpépà tí wọ́n rẹ sínú omi ni wọ́n sì fi ń mú un dán. Àwọn baba ńlá tó gbẹ́ ère Èsìẹ́ lo irú òkúta rírọ̀ bẹ́ẹ̀. Eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, pàápàá tí ẹ bá lo maṣíìnì ìgékùúta. Ìta gbangba ni kí ẹ ti máa ṣe é, kí ẹ sì fi nǹkan bo imú.