Mo lo sudo, síbẹ̀ fáìlì ní n kò láṣẹ

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Adó-Èkìtì ni mo wà. Mo kọ driver kan (ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀) lórí Linux fún ẹ̀rọ tó ń wọn ooru inú àpótí ínfátà wa. Bí mo bá fẹ́ kọ nọ́ńbà sínú temp1_max, fáìlì òpin ooru, "Permission denied" (o kò láṣẹ) ló ń sọ, tòun ti sudo tó ń fúnni lágbára root, ọ̀gá ẹ̀rọ. Bí mo bá gbìyànjú rẹ̀ lórí temp1_input, fáìlì ooru tí ẹ̀rọ wọn, "Input/output error" ni. ls -l fi -r--r--r-- hàn fún ti àkọ́kọ́, -rw-r--r-- fún èkejì (r ni kíkà, w ni kíkọ). Ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi chmod 777, tó ń fún gbogbo èèyàn ní gbogbo àṣẹ, sí gbogbo rẹ̀. Ṣé kí n ṣe é?

Ìdáhùn: Rárá, àbúrò mi, jọ̀ọ́ má ṣe é. Àwọn fáìlì abẹ́ /sys/class/hwmon kì í gbé orí díìsìkì. Kernel, ọkàn Linux, ló ń dá wọn nígbà tí driver bá gbéra, àṣẹ tí ìwọ fúnra rẹ kọ sínú driver ni wọ́n sì ń gbé wọ̀. Iná lọ báyìí, ẹ̀rọ kú, ó tún tàn: chmod rẹ ti dànù. Inú driver ni àtúnṣe wà.

O ṣeun tí o kọ èsì méjèèjì wá, nítorí àrùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń tọ́ka sí. 0444 (kíkà nìkan) ni o fún temp1_max. Níbòmíràn, root a máa fo àṣẹ fáìlì kọjá, àmọ́ nínú sysfs (àwọn fáìlì abẹ́ /sys), bí kò bá sí àmì w kankan lára fáìlì, root pàápàá kò lè ṣí i láti kọ nǹkan sí i.

Òdìkejì rẹ̀ ni temp1_input. O fún un ní 0644 (root lè kọ, àwọn yòókù lè kà), kò sì sí store kankan (iṣẹ́ inú driver tó ń gba ohun tí a kọ) lẹ́yìn rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn kan ilẹ̀kùn mọ́ ògiri tí kò ní yàrá. Fáìlì ṣí, kernel wá ẹni tó máa gba nọ́ńbà náà, kò rí ẹnì kankan, ló bá dá EIO ("Input/output error" yẹn) padà. Èyí ló máa ń dùn mí jù, torí pé wáyà tó já náà lè mú EIO kan náà jáde. Èèyàn á tú gbogbo àpótí palẹ̀, kò ní rí nǹkan kan.

Nítorí náà, nínú àwọn macro (kóòdù àkékúrú) kernel, lo SENSOR_DEVICE_ATTR_RO fún temp1_input, kí o lo SENSOR_DEVICE_ATTR_RW fún temp1_max. Wọ́n á fi 0444 àti 0644 sí i fúnra wọn, RW kò sì ní compile (kóòdù kò ní di ètò tó lè ṣiṣẹ́) bí o kò bá kọ store. Bó bá jẹ́ hwmon_device_register_with_info ni o lò, is_visible, tó ń sọ àṣẹ fáìlì kọ̀ọ̀kan, ni kí o tún ṣe.

Ní ti 777, SENSOR_DEVICE_ATTR, macro tí èèyàn ń fọwọ́ kọ àṣẹ sí, kò tilẹ̀ ní gbà kí ẹni gbogbo láṣẹ kíkọ. Kọ 0666 síbẹ̀, kò ní compile. Wọ́n sì ṣe é dáadáa. pwm1 tó ń darí fáànù ń gba 0 sí 255. Bí ẹnikẹ́ni bá lè kọ 0 síbẹ̀ nínú ooru oṣù Ẹrẹ́nà, fáànù lè dúró, bátìrì ni yóò jìyà rẹ̀.

Bí o bá ti yọ driver náà tí o sì dá a padà, má fi "sudo echo 60000 > temp1_max" dán an wò. Shell tìrẹ (ètò tó ń ka ohun tí o tẹ̀) ló ń ṣí fáìlì níbẹ̀, sudo kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, "Permission denied" á tún jáde. Èyí ni kí o lò, torí tee tí sudo gbé dìde ló máa ṣí fáìlì náà:

echo 60000 | sudo tee temp1_max

Ìwọ̀n 60 ni 60000 yẹn, torí ẹgbẹ̀rún kan ló dúró fún ìwọ̀n Celsius kan. Lẹ́yìn náà, cat temp1_max, kí o wò ó bóyá ohun tí o kọ ló dá padà.