Ikọ́ tí kì í ṣe TB náà nílò ètò tiẹ̀

Ẹ̀gbọ́n tó ń béèrè pé àyẹ̀wò ní bàbá ò ní TB àmọ́ ikọ́ ò lọ, mímí sì ń le sí i, pé kí ni kí ìjọba ṣe sírú ẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ èyí tójú mi rí. Makoko ni màmá mi ti yan ẹja dàgbà, inú èéfín látàárọ̀ dalẹ́, wọn ò mu sìgá rí. Nígbà tí mímí bẹ̀rẹ̀ sí í nira, ibi gbogbo tá a dé TB ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò, ìyẹn ò sì burú o, torí ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò TB, ọ̀fẹ́ ni oògùn ẹ̀, nọ́ọ̀sì hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà mọ ohun tó kàn láti ṣe. Ìgbà tí GeneXpert, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ TB wò, bá ti ní kò sí TB ni ọ̀nà ń dí. Wọ́n á fún yín ní oògùn ikọ́ àti antibáyótíìkì, ó di ilé, tó bá tún le ẹ ó tún padà wá.

Spirometry, àyẹ̀wò bí ẹ̀dọ̀fóró ṣe ń fẹ́ afẹ́fẹ́ jáde sí, ló já a fún wa, ọsibítù ńlá la sì ti rí i ṣe. Èèyàn á mí kanlẹ̀, á wá fẹ́ ẹ sínú páìpù tagbáratagbára, wọ́n á fún un ní salbutamol, oògùn tó ń ṣí ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́, wọ́n á dúró díẹ̀ kí wọ́n tó tún un ṣe. Tí afẹ́fẹ́ tó jáde ní sẹ́kọ́ńdì àkọ́kọ́ ò bá tó ìdá 70 nínú 100 gbogbo èyí tó fẹ́ jáde, a jẹ́ pé ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́ ti dí, COPD, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ọlọ́jọ́ pípẹ́ tó ń dí ọ̀nà afẹ́fẹ́, ni wọ́n á máa rò nìyẹn. Ẹ̀rọ ọ̀hún ò ju ohun tó ń jókòó sórí tébù lọ. Ó yẹ kó wà níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú TB gan-an, torí ẹlòmíì tó ti lo oògùn TB tán, kòkòrò ti kú lóòótọ́, àmọ́ ọgbẹ́ ti kù sínú ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa ń wò ó.

Ti ìnhélà, oògùn tí wọ́n ń fi ẹnu fà sínú ẹ̀dọ̀fóró, ló ń dùn mí jù. Láti 2023 tí ilé-iṣẹ́ òyìnbó kan tó ń kó o wọlé ti kúrò ní Nàìjíríà lowó ẹ̀ ti fò sókè, ẹni tó yẹ kó lò ó lójoojúmọ́ wá ń ṣọ́ ọ lò, bó ṣe ń dé ẹmájẹ́ńsì nìyẹn, owó bẹ́ẹ̀dì àti ọ́síjìn á wá ju ti ìnhélà lọ fíìfíì. Òfin NHIA, àjọ ìnṣọ́ránsì ìlera ìjọba àpapọ̀, ti 2022 ti sọ ìnṣọ́ránsì ìlera di dandan, Ilera Eko, ìnṣọ́ránsì ìlera ti ìpínlẹ̀ Èkó, wà níbí, àwọn ìnhélà yìí wà lára oògùn kòṣeémánìí tí WHO kọ sílẹ̀, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú WHO sì ti fẹnu kò lórí ìlera ẹ̀dọ̀fóró ní Geneva ní May 2025. Kí wọ́n kọ spirometry àti ìnhélà ojoojúmọ́ sínú ohun tí ìnṣọ́ránsì ń san, kí ẹni tó ń gbé Ajégúnlẹ̀ rí i gbà ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà àdúgbò ẹ̀.

Ní ti bàbá, ẹ fẹnu yín béèrè spirometry, ẹ má dúró kí wọ́n fi lọ̀ yín. Tí wọ́n bá kọ ìnhélà onífífẹ́ fún wọn tẹ́ ẹ ò sì rówó ra spacer, ike tí wọ́n ń so mọ́ ìnhélà kí oògùn lè dé ẹ̀dọ̀fóró dáadáa, ẹ fọ ike omi 500 ml kan, ẹ dá ihò sí ìdí ẹ̀ tí ẹnu ìnhélà á wọ̀ pinpin, kí bàbá máa fi ẹnu ike fà á. Ẹ sì gbé jẹnẹrétọ̀ kúrò lẹ́bàá wíńdò wọn lónìí, torí èéfín ẹ̀.