Áàpù wo ni kí n fi ṣètò ìrìn àjò bàálù mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Oṣù tó kọjá ni mo gba láìsẹ́ǹsì láti máa fi bàálù kékeré gbafẹ́ ní Houston níbí. Cessna 172 tí wọ́n ń háyà ní pápákọ̀ òfuurufú Pearland ni mò ń wà. Àwọn kan ní ForeFlight ni kí n rà, àwọn kan ní Garmin Pilot. Èwo ni kí n mú?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, kú oríire. Kọ́kọ́ wo ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ rẹ. Orí iPad àti iPhone nìkan ni ForeFlight ti ń ṣiṣẹ́. Garmin Pilot ń ṣiṣẹ́ lórí Android náà. Tó bá jẹ́ iPad lo máa rà, ra èyí tó ń gba síìmù, bí o kò tiẹ̀ ní fi síìmù sí i rárá, torí èyí tó jẹ́ Wi-Fi nìkan kò ní GPS, ohun tó ń sọ ibi tí o wà, nínú. Àwọn méjèèjì dára. ForeFlight lèmi ń lò torí pé òun ni olùkọ́ mi fi kọ́ mi.

Ohun tó ká mi lára jù ni iye epo tí bàálù ń jẹ, tí o máa kọ sínú áàpù náà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé gálọ́ọ̀nù 8 ni bàálù wa ń jẹ ní wákàtí kan, torí ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu ẹnìkan nìyẹn. Lọ́jọ́ kan tí mo ti ìlú Brenham dé, mo gun àkàbà, mo ti ọ̀pá ìwọn epo bọ táǹkì ọ̀tún, mo tì í bọ ti òsì, mo sì tètè wo ibi tí epo dé lára igi náà, torí kíá ló ń gbẹ. Gálọ́ọ̀nù 9 àti ààbọ̀ ló ń jẹ! Òfin FAA, àjọ tó ń rí sí ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, ní kí epo ìṣẹ́jú 30 ṣẹ́kù tó bá jẹ́ ojúmọmọ, 45 tó bá jẹ́ òru. Tí mo bá fi àṣìṣe yẹn fò fún wákàtí mẹ́ta, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ epo ìṣẹ́jú 30 náà tán, áàpù á sì máa sọ fún mi pé kò séwu.

Àwòrán òjò tí ADS-B, ètò tó ń fi ìròyìn ojú ọjọ́ ránṣẹ́ láti ilẹ̀ sínú bàálù, ń gbé wá ńkọ́? Jọ̀ọ́, má fi í wá ọ̀nà gba àárín ìjì. Òjò tí o ń wò lè ti fi ìṣẹ́jú 15 sí 20 pẹ́ ju àkókò tí wọ́n kọ sí i lára lọ. Ìjì ọ̀sán Texas á ti dí àlàfo tí o rí yẹn pa. Gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ láti òkèèrè, tàbí kí o dúró sílẹ̀.

Sì ra máàpù Houston onípépà, èyí tí FAA ń tún ṣe ní ọjọ́ 56 sí 56. Nínú oṣù Kẹjọ kan, oòrùn mú tábúlẹ́ẹ̀tì mi, ó gbóná, ó sì kú pi lórí itan mi. Máàpù ni mo tẹ́ sílẹ̀, tí mo ń fi ìka tọ odò Brazos títí mo fi mọ ibi tí mo wà.

Wọn epo Cessna yẹn fúnra rẹ lẹ́yìn ìrìn àjò mẹ́ta, kí o kọ ohun tí o bá rí ránṣẹ́ sí mi.